Ohun tí ọkàn ayìnbọn fi kọ́ wa nípa BP tí à ń wọ̀n ní ìpàdé

Ọ̀rọ̀ tòní lè ya yín lẹ́nu, torí ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù. Kì í ṣe ìbọn olè, kì í ṣe ìbọn ogun. Ìbọn eré ìdárayá ni, èyí tí wọ́n fi ń díje ní Òlíḿpíìkì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀nà tí à ń gbà wọn BP ní ìpàdé wa kò dára tó, àti pé oògùn tí àwọn kan nínú wa ń yá ara wọn lò kí àyà wọn má baà já léwu púpọ̀. Àwọn tó ń fi ìbọn díje ló lè fi ìdí ọ̀rọ̀ méjèèjì yé wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà ná. Nínú ìdíje ìbọn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń ti ọta rẹ̀ jáde, ẹni tó ń díje á dúró, á na ọwọ́ kan ṣoṣo, àmì tó fẹ́ bà á sì wà ní mítà 10 níwájú rẹ̀. Àárín gbùngbùn àmì náà, níbi tí máàkì 10 wà, kò fẹ̀ ju mìlímítà 11.5 lọ. Èékánná àtàǹpàkò yín lè bò ó. Ti ìbọn gígùn tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: mìlímítà 0.5 péré ni àárín tirẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tọ ìwé. Ìgbà 60 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa yìnbọn kí wọ́n tó mọ àwọn tó yege dé ìpele àṣekágbá. Ẹ lè rò pé ojú tó ríran dáadáa ni gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí gbà. Ojú ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ni ìṣòro wọn.

Ìgbàkígbà tí ọkàn bá lù, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, títí dé ìka ọwọ́, títì yẹn a sì máa mi ara díẹ̀. Ẹ̀yin náà lè rí i. Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan kọ́ orí orúnkún èkejì, kí ẹ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó wà lókè. Ẹ ó rí i tó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ọkàn yín ṣe ń lù. Mímì kékeré yẹn kò dí ẹni tó ń ro àmàlà lọ́wọ́. Lọ́wọ́ ayìnbọn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí ẹnu ìbọn bá yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí, yíyẹ̀ náà á ti di púpọ̀ kí ọta tó rin mítà 10.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń so ẹ̀rọ mọ́ àyà àwọn ayìnbọn láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rí i pé lára àwọn ògbóǹtarìgì, ọkàn máa ń rọra lù ní ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan kí ìka tó fa ìbọn. Àwọn fúnra wọn kò pàṣẹ fún un. Ìdánrawò ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló kọ́ ọ. Wọ́n tún rí i pé ní ọjọ́ ìdíje, ọkàn ẹni kan náà a máa yára ju ti ọjọ́ ìdánrawò lọ. Ìbọn kan náà ló mú dání, ó dúró lójú kan, kò sáré, kò sì gbé ẹrù. Ohun tó yí padà kò ju pé àwọn èèyàn ń wò ó, àmì ẹ̀yẹ sì wà níbẹ̀. Nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Tokyo lọ́dún 2021, wọ́n fi bí ọkàn àwọn tó ń ta ọfà ṣe ń lù hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Èèyàn dúró jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú tẹlifíṣọ̀n ń sọ pé ọkàn rẹ̀ ń sáré bíi ti ẹni tó ń gun òkè.

Ta ló ń mú un sáré, ta ló sì ń fà á sẹ́yìn? Oríṣi iṣan méjì ni. Kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, èyí tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sínú ara ni mò ń sọ. Oríṣi kìíní ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀kadà bá fẹ́ gbá yín, tí ẹ bá bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àyà á já, ẹnu á gbẹ, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Oríṣi kejì ni iṣan tí àwọn dókítà ń pè ní vagus. Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ti ń gba ọrùn wá sí ọkàn, ó sì dé inú ikùn. Òun ni bíréèkì ọkàn.

Ní Graz, lórílẹ̀-èdè Austria, ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Otto Loewi ti fi ọ̀nà tí bíréèkì yìí ń gbà ṣiṣẹ́ hàn lọ́dún 1921, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Ó lá àlá lóru nípa bí òun ṣe lè dán ọ̀rọ̀ náà wò, ó jí, ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó padà sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tó kọ. Àlá náà tún padà wá lóru ọjọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró de ilẹ̀ mọ́, ó dìde, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ó mú ọkàn àkèré méjì tó ṣì ń lù nínú omi. Ó fi iná mànàmáná díẹ̀ tọ iṣan vagus ti àkọ́kọ́, ọkàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù lọ́ra. Ó bu omi tó yí ọkàn yẹn ká, ó dà á sí èkejì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ìyẹn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù lọ́ra. Báyìí ló ṣe hàn pé nǹkan kan wà tí iṣan náà ń tú sílẹ̀, tó ń sọ fún ọkàn pé kó rọra. Lọ́dún 1936 ni wọ́n fún òun àti Henry Dale ní ẹ̀bùn Nobel. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ àlá yín sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kó ṣeé kà.)

Nítorí pé oríṣi iṣan méjèèjì ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọkàn tó le kì í lù bí aago ara ògiri. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé ọkàn yín ń lù ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, kò túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú àáyá kan géérégé ló wà láàárín lílù kan sí èkejì. Èyí lè jẹ́ 0.95, èyí tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ 1.04. Bí ẹ bá mí sínú, á yára díẹ̀. Bí ẹ bá mí síta, á fà díẹ̀. Onílù dùndún tó mọṣẹ́ kì í lu ìlù rẹ̀ bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó ló ń wò, bó bá yí, òun náà á yí. Ọkàn tó le ń wo ara bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín lílù kan sí èkejì yìí ni àwọn dókítà ń pè ní heart rate variability, wọ́n sì máa ń gé e kúrú sí HRV.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an, ẹ̀yin obìnrin. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà tó ń ṣọ́ ọkàn ọmọ inú oyún rí i pé kí iye ìgbà tí ọkàn ọmọ ń lù tó fi ìnira hàn, ìyàtọ̀ kékeré yìí á ti kọ́kọ́ pa rẹ́. Títí di òní, nílé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ ikùn aláboyún, ìlà tó ń lọ sókè sódò ni agbẹ̀bí fẹ́ rí lórí ìwé, kì í ṣe èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti àgbàlagbà náà kò yàtọ̀. Lọ́dún 1987, dókítà Robert Kleiger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn èèyàn 808 tí àìsàn ọkàn kọ lù tí wọ́n sì yè é. Àwọn tí ìyàtọ̀ yìí kéré jù lára wọn kú ju àwọn tí tiwọn pọ̀ lọ, ní ìlọ́po tó ju márùn-ún lọ. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára a máa dín in kù. Ọjọ́ orí náà a máa dín in kù. Ẹ̀rù àti àníyàn ń dín in kù fún ìwọ̀nba àkókò, ohun tó sì ń bá ayìnbọn jà ní ọjọ́ ìdíje nìyẹn.

Àwọn kan nínú wọn wá ọ̀nà àbùjá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, ní Beijing, Kim Jong-su láti Kòríà Àríwá gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú ìdíje ìbọn mítà 50, ó sì gba ti idẹ nínú ti mítà 10. Àyẹ̀wò fi hàn pé propranolol wà lára rẹ̀. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ méjèèjì padà, wọ́n sì lé e kúrò nínú ìdíje.

Púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ orúkọ oògùn yẹn rí. James Black, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló ṣe é, ó sì wà lára iṣẹ́ tó mú un gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1988. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń dí ọ̀nà mọ́ iṣan tó ń mú ọkàn sáré. Ọkàn á lù lọ́ra, ọwọ́ kò ní gbọ̀n mọ́. Ìdí nìyẹn tí àjọ WADA, tó ń gbógun ti oògùn tí kò bófin mu nínú eré ìdárayá, fi ka irú oògùn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ayìnbọn àti tafàtafà, lọ́jọ́ ìdíje àti lọ́jọ́ tí kò sí ìdíje. Lọ́wọ́ dókítà, oògùn rere ni. Wọ́n ń fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kan, àwọn tó ní àìsàn ọkàn kan, àti àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ máa lò ó lọ, kí ẹ má sì dá a dúró lójijì nítorí ohun tí ẹ kà níbí. Dídá a dúró lójijì lè fa wàhálà ọkàn ńlá.

Èyí tí n kò fara mọ́ ni yíyá oògùn lò. Ẹnì kan fẹ́ jẹ́rìí níwájú ìjọ, tàbí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀ ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì yọ oògùn kan látinú báàgì: "Lo ọ̀kan nínú tèmi, àyà rẹ ò ní já." Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má gbà á. Bí ẹni tó gbà á bá ní asthma, tí àyà rẹ̀ máa ń fún tí èémí rẹ̀ sì ń dún fíìn-fíìn, oògùn yẹn lè dí èémí rẹ̀ pa. Bó bá ń lo abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ọkàn tó ń sáré wà lára ohun tó máa ń ta á lólobó pé ṣúgà ara òun ti lọ sílẹ̀ jù. Oògùn yẹn lè bo àmì náà mọ́lẹ̀, kó ṣubú lójijì. Bí ọkàn rẹ̀ bá sì ti ń lù lọ́ra tẹ́lẹ̀, ó lè lọ́ra jù. Ẹni tó fún un kò mọ èyíkéyìí nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Oore ló rò pé òun ń ṣe.

Àwọn ayìnbọn tó mọ́ lọ́wọ́ ń kọ́ ohun mìíràn, kò sì ná wọn lówó. Wọ́n á mí síta díẹ̀, wọ́n á dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, wọ́n á fa ìbọn. Bí àkókò yẹn bá ti ń gùn jù tí ọwọ́ kò sì dúró, olùkọ́ wọn á ní kí wọ́n má fà á. Kí wọ́n gbé ìbọn náà wálẹ̀, kí wọ́n mí dáadáa, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, mo ṣì ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ẹ má sọ pé ọmọdé ni wọ́n. Yusuf Dikeç, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, jẹ́ ẹni ọdún 51 nígbà tí òun àti Şevval İlayda Tarhan gba fàdákà ní Òlíḿpíìkì ọdún 2024 ní Faransé. Gbogbo ayé rí fọ́tò rẹ̀: ọwọ́ kan nínú àpò ṣòkòtò, dígí ojú lásán lójú rẹ̀. Oscar Swahn láti Sweden sì ti pé ẹni ọdún 72 nígbà tó gba fàdákà nínú ìbọn yíyìn lọ́dún 1920, kò sì sí ẹni tó dàgbà tó o tó tíì gba àmì ẹ̀yẹ nínú eré ìdárayá kankan ní Òlíḿpíìkì. Ọjọ́ orí ń dín HRV kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn àgbà ṣì ń gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kọ́ tí àwa lè fi kọ́ ọ ni èémí gígùn. Lọ́dún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn BMJ. Wọ́n ní kí àgbàlagbà 23 máa ka àdúrà rosary ní èdè Látìn, kí wọ́n sì tún máa ka ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń ṣe yoga máa ń tún pè léraléra. Méjèèjì ló mú èémí wọn lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, agbára tí ara fi ń tún ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe sì ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Ẹ má fi èyí ja ìjà ẹ̀sìn o. Èémí gígùn ló ṣiṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ló sì lè mí. Ẹ mí sínú gba imú fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ fi máa ka ení dé ẹ̀rin, ẹ mí síta fún ìwọ̀n tí ẹ fi máa ka ení dé ẹ̀fà, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má dá èémí dúró bíi ti ayìnbọn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró. Èémí yìí kò sì rọ́pò oògùn BP yín. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín fẹ́ kí rọpárọsẹ̀ mú yín ni.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston tún ti ń fi wọ́ọ̀ṣì tó ń ka HRV ránṣẹ́ sílé. Kò burú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ẹnì kan rí kò ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn, ẹ má fi bá ara yín díje. Ọkàn tó ń lù játijàti nítorí àìsàn náà lè mú kí nọ́ńbà náà ga, kí ẹ máa yọ̀ lásán. Bí ọkàn bá ń fò láìbójúmu, tí òòyì ń kọ́ yín, tí àyà ń dùn yín tàbí tí ẹ dákú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má wo wọ́ọ̀ṣì.

Ó ku ọ̀rọ̀ BP ní ìpàdé. Inú mi ń dùn pé àwọn ẹgbẹ́ ń pe nọ́ọ̀sì wá. Ṣùgbọ́n ẹ wò bí a ṣe ń ṣe é. Ìyá kan gun àtẹ̀gùn dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó gbé obì sẹ́nu, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì, ó kọ́ ẹsẹ̀ léra. Wọ́n di aṣọ ẹ̀rọ mọ́ apá rẹ̀ lórí léèsì. Ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ àjọ lọ́wọ́, àwọn yòókù ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn mẹ́wàá sì ń yọjú wo nọ́ńbà. Bí ayìnbọn tó ti fi ogún ọdún kọ́ ọkàn rẹ̀ bá ń ní ọkàn tó ń sáré nítorí pé wọ́n ń wò ó, kí la rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ lára ìyá yìí? Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn ló ń gbé nọ́ńbà sókè. Ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé e sókè, ìtọ̀ tó ti kún inú ń gbé e sókè, èròjà inú obì tó tún wà nínú kọfí náà ń gbé e sókè. Wọ́n á wá sọ fún un níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru. Ẹlòmíràn á lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹlòmíràn tí tirẹ̀ ru lóòótọ́ á ní, "Ariwo ìpàdé ló fà á," kò sì ní tọ́jú ara rẹ̀. Èyí kejì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe bíi ti ayìnbọn. Bí ọwọ́ kò bá tíì dúró, kí a gbé ìbọn wálẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ wọn BP ti tọ̀, kó má tíì jẹ obì tàbí mu kọfí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Kó fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn, kí aṣọ ẹ̀rọ wà lórí awọ ara, kì í ṣe lórí léèsì. Kó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kó máa mí bó ṣe máa ń mí. Kí nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kó kọ méjèèjì sílẹ̀, kó sì sọ ọ́ sí etí ẹni náà nìkan. Bó bá ga lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé ariwo ló fà á.

Ẹ̀yin ìyálóde àti akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá wa gbé tábìlì kan àti àga méjì sí yàrá ẹ̀yìn, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn.